Lésà inú ilé wa: Ìmọ́lẹ̀ tó ń bá wa ṣiṣẹ́, tó tún lè fọ́ ojú

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ó ṣòro kéèyàn má rí ohun èlò kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo fíìmù orí àwo DVD ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ń lò ó. Àwọn tó ń gbowó ní ilé ìtajà ńlá ń fi í ka iye ọjà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn fóònù olówó ńlá kan ń fi í dá ojú ẹni tó ni wọ́n mọ̀. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ lésà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń yọ iná tẹ́ẹ́rẹ́, pupa tàbí aláwọ̀ ewé, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ní àdúgbò lálẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ ni pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin lésà tí wọ́n sé mọ́ inú ẹ̀rọ àti lésà tó wà lọ́wọ́ èèyàn. Èyí tí wọ́n sé mọ́ inú ẹ̀rọ ti ń sìn wá láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti máa bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà bí ohun ìṣeré lẹ́bàá ọ̀nà ni ó lè ba ojú ọmọ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó wẹ̀yìn.

Kí ni lésà gan-an?

Orúkọ ìkékúrú ni lésà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n ṣà jọ láti fi ṣe é, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n sọ di púpọ̀ nípa títa àwọn èérún inú nǹkan jí, kí wọ́n lè tú ìmọ́lẹ̀ jáde.

Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká wo gílóòbù tó ń tàn nínú ilé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí èrò ọjà ní ọjọ́ ọjà: oníkálukú ń lọ síbi tó ń lọ, aṣọ wọn kò bá ara mu, ìrìn wọn kò sì dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ lésà dà bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Boys' Brigade lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yan káàkiri ìlú. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì dojú kọ. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ lésà ní, àwọn ìgbì rẹ̀ ń lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà, kì í sì í fọ́n ká.

Ibi tí agbára rẹ̀ wà nìyẹn. Bí a bá fi agbára wé agbára, tọ́ọ̀ṣì lésà onímílíwáàtì 5 kò ju ìdá kan nínú 12,000 agbára tí gílóòbù oníwáàtì 60 ń jẹ lọ. Ṣùgbọ́n gílóòbù ń pín ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ fún gbogbo yàrá, nígbà tí lésà ń kó gbogbo tirẹ̀ lé ojú kan, tí kò sì ju orí ìṣó lọ.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1917 ni Albert Einstein, gbajúgbajà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, kọ́kọ́ ṣàlàyé lórí ìwé pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí èérún inú nǹkan tú ìmọ́lẹ̀ mìíràn tó jọ ọ́ jáde. Ọdún 1958 ni Charles Townes àti Arthur Schawlow, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe lè sọ èrò náà di ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n Theodore Maiman ló ṣe é yọrí. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 1960, ní ilé ìwádìí Hughes tó wà ní Malibu, ìpínlẹ̀ California, ó fi iná alágbára bíi ti kámẹ́rà bu mànà sí ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi òkúta rúbì ṣe, ìtànṣán lésà àkọ́kọ́ sì jáde.

Nígbà náà, àwọn kan ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ojútùú tó ń wá ìṣòro kiri ni, nítorí pé kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n máa lò ó fún. Ohun tó gbé e wọ inú ilé ni iṣẹ́ tí Robert Hall ṣe ní ọdún 1962 ní iléeṣẹ́ General Electric, nígbà tó ṣe lésà láti ara irú èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà ara rédíò. Irú lésà yìí kò tóbi ju hóró iyọ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, inú òtútù nini nìkan ló lè ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tó di ọdún 1970 tí wọ́n rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ lásán láìdáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí wọ́n lè fi bátìrì lásán tàn.

Àwo CD àti DVD

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1982, iléeṣẹ́ Sony gbé ẹ̀rọ CD àkọ́kọ́ sórí àtẹ ní orílẹ̀-èdè Japan, lẹ́yìn tí òun àti Philips ti jọ fẹnu kò lórí bí àwo náà yóò ṣe rí. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn àwo CD yóò rí i tó ń dán bíi dígí. Nínú dídán náà ni àwọn ihò tíntìntín wà, tí wọ́n tò tẹ̀ léra bí okùn tí a ká, láti àárín bọ̀ sí etí. Bí a bá tú okùn náà ká sílẹ̀, ó lé ní kìlómítà 5. Lésà inú ẹ̀rọ ń yìnmọ́lẹ̀ sí àwọn ihò yìí bí àwo ṣe ń yí, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà sì ni ẹ̀rọ ń sọ di orin tàbí àwòrán.

Àwọ̀ lésà ló ń sọ iye ẹrù tí àwo lè gbà. Ìgbì lésà CD gùn tó nanómítà 780, àwo rẹ̀ sì ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 700. Nígbà tí DVD jáde ní Japan lọ́dún 1996, lésà pupa onínanómítà 650 ni wọ́n fi sí i. Bí ìgbì bá ṣe kúrú tó ni ojú iná ṣe ń kéré tó, àwọn ihò náà sì lè sún mọ́ra sí i, nítorí náà ni ipele kan ṣoṣo lórí àwo DVD ṣe ń gba gígábáìtì 4.7. Blu-ray tó jáde lọ́dún 2006 ń lo lésà onínanómítà 405, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti èsè àlùkò, ipele kan rẹ̀ sì ń gba gígábáìtì 25.

Bí àwọn fíìmù Yorùbá ṣe kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò bọ́ sórí VCD àti DVD, lésà yìí náà ló gbé wọn dé inú yàrá wa. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò ka àwo mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé eruku ọyẹ́ ló bo awò kékeré tí lésà ń gbà yọ, kì í ṣe pé ẹ̀rọ ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ tú u wò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò lára iná ná. Ìmọ́lẹ̀ lésà CD kò hàn sójú ju pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, ṣùgbọ́n kíkéré tí ojú rí i kò sọ pé kò lágbára. Ti ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sórí DVD tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ńṣe ni ó ń fi ooru jó àmì sára àwo.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Gary Starkweather, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Xerox, ni èrò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà kọ́kọ́ wá sí lọ́kàn ní ìparí àwọn ọdún 1960. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, àfi ìgbà tó kọjá sí ilé ìwádìí wọn ní California, níbi tó ti ṣe é yọrí lọ́dún 1971. Ní 1984 ni iléeṣẹ́ HP gbé LaserJet jáde ní 3,495 dọ́là, èyí tí ọ́fíìsì kékeré náà lè gbìyànjú láti rà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ìlù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba iná mànàmáná sára. Lésà yóò fi ìmọ́lẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí ara ìlù náà, ibi tó bá sì kàn ni àtíkè dúdú tí a ń pè ní tónà yóò lẹ̀ mọ́. Ìlù yóò tẹ àtíkè náà sára ìwé, àwọn rólà gbígbóná yóò sì yọ́ ọ mọ́ ìwé pinpin. Ìdí nìyí tí ìwé fi máa ń gbóná nígbà tó bá ń jáde, tí omi kì í sì í tètè pa ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ rẹ́. Ìdí náà tún nìyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré fi máa ń mí hẹlẹ nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń múra láti tẹ̀wé: ooru rólà ló ń jẹ iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, lésà fúnra rẹ̀ kò jẹ tó nǹkan.

Nílé ìtajà, lórí fóònù àti lábẹ́ òkun

Àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tó wà lára páálí mílíìkì tàbí ọṣẹ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n. Lésà ń sáré kọjá lórí wọn, funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, dúdú ń gbé e mì, kọ̀ǹpútà sì ń ka nọ́ńbà náà. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 1974, ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ta ọjà ní ilé ìtajà Marsh ní ìlú Troy, ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà. Ṣingọ́ọ̀mù Wrigley ni ọjà náà.

Ní ti fóònù, iléeṣẹ́ LG fi lésà sínú G3 ní ọdún 2014 kí kámẹ́rà rẹ̀ lè tètè mọ bí ohun tó fẹ́ yà ṣe jìnnà tó. Ní 2017, iPhone X ti Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi lésà da àmì tó lé ní 30,000 bo ojú ẹni tó ni ín, kí ó lè dá a mọ̀. Ojú wa kò rí àwọn àmì náà.

Àwọn kọ́lékọ́lé náà ti gba tiwọn. Láti ọdún 1993 tí Leica ti gbé ẹ̀rọ DISTO jáde, bíríkìlà tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà lè dúró sí igun yàrá kan, kó tẹ bọ́tìnì, kó sì mọ gígùn yàrá náà láìfa téèpù.

Ẹni tí kò ní ìkankan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ń jẹ àǹfààní lésà bó bá ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó lọ́dún 2010 gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000. Nínú okùn gíláàsì tó wà nínú rẹ̀, lésà ló ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn lọ bọ̀. Irú okùn fáíbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà wọ ilé àwọn èèyàn báyìí. Bí ó bá já, ẹ má ṣe gbé ẹnu rẹ̀ sójú láti wò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í hàn.

Ohun tí kì í ṣe lésà

Ó yẹ ká ya èèpo kúrò lára ọkà. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe lésà, iná kékeré lásán ló ń lò. Ọ̀pọ̀ máòsì kọ̀ǹpútà tí iná pupa ń tàn lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe lésà pẹ̀lú. Nígbà àrùn Kòrónà lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yẹ orí kúrò níwájú ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ooru ara, wọ́n ní ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ìbọn náà kì í rán ohunkóhun wọ inú orí èèyàn, ooru tó ń ti ara jáde ni ó ń gbà. Iná pupa tó máa ń wà lára àwọn kan nínú wọn ni lésà, wọ́n sì fi í síbẹ̀ kí èèyàn lè mọ ibi tó ń na ìbọn sí ni. Ojú nìkan ni kò gbọ́dọ̀ kàn.

Lésà ọwọ́: ibi tí ewu wà

Bí àwọn ẹ̀rọ tí a ti dárúkọ bá ń lo lésà, kí ló dé tí wọn kò fọ́ wa lójú? Ìdí ni pé àwọn tó ṣe wọ́n sé ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ inú àpótí, tàbí kí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù dé ibi tí kò lè pani lára. Tọ́ọ̀ṣì lésà kò ní àpótí. Ọwọ́ ẹni tó mú un ni àpótí rẹ̀, bí ọwọ́ náà bá sì jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó kù.

Nínú ẹyinjú wa, awò kan wà níwájú, awọ tín-ínrín kan sì wà lẹ́yìn tó ń gba àwòrán. Gbogbo wa la mọ bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi awò gba oòrùn láti fi jó ìwé. Ohun tí awò ojú ń ṣe fún lésà nìyẹn: ó ń kó o jọ sójú kan, títí yóò fi le tó nǹkan bí ìlọ́po ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000. Awọ ẹ̀yìn ojú kò ní ohun tí ń mọ ìrora, nítorí náà ó lè jóná kí ọmọ má sunkún rárá. Ìgbà tó bá ń kàwé tí àmì dúdú kan dúró sí àárín ojú ìwé, tàbí tí ìlà tó tọ́ ń wọ́ lójú rẹ̀, ni wọn yóò tó mọ̀. Kò sí oògùn kan tó dájú pé yóò dá ibi tó ti jóná padà sípò. Bí àwọn àgbà ṣe wí, ojú lọba ara.

Aláwọ̀ ewé ló gba ìṣọ́ra jù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, lésà tí ojú kò rí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kí wọ́n tó yí i padà sí àwọ̀ ewé. Ó yẹ kí asẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí èyí tí a kò rí jáde, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe gbàrọgùdù kì í fi sí i. Ní 2010, NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òdiwọ̀n, ròyìn ọ̀kan tí wọ́n rà ní 15 dọ́là: ìmọ́lẹ̀ ewé rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíwáàtì 20 ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ló ń tú jáde. Ojú kì í sì í ṣẹ́jú fún ohun tí kò rí. Ní 2013, iléeṣẹ́ náà tún yẹ tọ́ọ̀ṣì lésà 122 wò. Nínú àwọn aláwọ̀ ewé, nǹkan bí 90 nínú 100 ni kò bá òfin Amẹ́ríkà mu. Nínú àwọn pupa, nǹkan bí 44 nínú 100.

Nọ́ńbà ara lésà

Gbogbo lésà tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ ló ní nọ́ńbà ìpele lára. Ìpele 1 kò léwu nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípadé. Ọ̀rọ̀ náà CLASS 1 LASER PRODUCT wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CD àti DVD. Ìpele 2 ni èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó hàn sójú kò ju mílíwáàtì 1 lọ. Ojú yóò ṣẹ́ fúnra rẹ̀ láàrin ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó tó pa á lára. Ìpele 3R kò ju mílíwáàtì 5 lọ, ó sì gba ìṣọ́ra. Ìpele 3B, tó lè dé 500, ń ba ojú jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìpele 4, tó ju 500 lọ, lè jó awọ ara, ó sì lè dáná sun ilé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí tọ́ọ̀ṣì lésà tí ará ìlú ń rà má ju mílíwáàtì 1 lọ. Ní Amẹ́ríkà, òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 5. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lè má jẹ́ òótọ́, òmíràn kò tilẹ̀ ní ìwé kankan lára.

Ní pápá bọ́ọ̀lù àti lójú òfúrufú

Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò ní gbàgbé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 2022, nígbà tí Senegal gba Íjíbítì lálejò lórí ìdíje tó ń gbéni lọ sí Ife Àgbáyé. Ìtànṣán aláwọ̀ ewé bo ojú Mohamed Salah bó ṣe fẹ́ gba pẹnáritì, ó sì gbá a sókè. FIFA bu owó ìtanràn 175,000 owó ilẹ̀ Switzerland lé Senegal lórí nítorí èyí àti àwọn ìwà mìíràn lọ́jọ́ náà. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, UEFA ti gba 30,000 yúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹnìkan tan lésà sójú Kasper Schmeichel, aṣọ́lé Denmark, ní Wembley. Ó wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba owó náà.

Ti ọkọ̀ òfúrufú ló burú jù. Ìtànṣán tó tẹ́ẹ́rẹ́ nílẹ̀ ti fẹ̀ kó tó dé òkè, bó bá sì kan gíláàsì iwájú, ńṣe ni yóò mọ́lẹ̀ bo gbogbo ibi tí awakọ̀ jókòó sí, nígbà tó lè jẹ́ pé ó ń múra láti balẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ní ọdún 2023 nìkan, àwọn awakọ̀ òfúrufú l'Amẹ́ríkà fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ 13,304 sun àjọ FAA. Láti 2012 ni ó ti di ọ̀ràn tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lọ́hùn-ún, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2018.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ẹ má ṣe ra tọ́ọ̀ṣì lésà fún ọmọdé láti fi ṣeré, bó ti wù kó pọ́nkú owó mọ. Olùkọ́ tàbí oníwàásù tó nílò rẹ̀ láti fi nàka sí ara ògiri, kí ó ra èyí tí ìpele 2 wà lára rẹ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ẹ má ṣe tan án sójú èèyàn, ẹranko, ọkọ̀ tàbí dígí, nítorí dígí ń dá a padà. Níbi àríyá tí wọ́n bá ti ń lo iná lésà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa rọ̀ sórí àwọn tó ń jó. Ó lè ba kámẹ́rà tó ń ya fídíò jẹ́ pẹ̀lú. Bó bá kan ọmọ lójú tí ìríran rẹ̀ sì yí padà, ẹ má ṣe kán ohunkóhun sí i, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí dókítà ojú wà kíákíá.

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ẹni tó ń ta nǹkan náà lẹ́bàá ọ̀nà lè má mọ̀ ju ọmọ lọ. Nítorí náà, kí òbí tó sanwó, kí ó yí tọ́ọ̀ṣì náà padà, kí ó wá nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Bí kò bá rí nọ́ńbà kankan, kí ó dá a padà sórí àtẹ.